Mo mú Austríà nínú fìlà, wọ́n ní kí n pààrọ̀ ẹ̀ fún Swídìn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Eurovision, ẹ gbà mí o

Àbẹ̀kẹ́_Manchester (Ọjọ́ Ẹtì, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, mi ò mọ abẹ́ ibi tó yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ni mo ṣe jù ú síbí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, mi ò tíì pé ọdún kan tí mo dé. Láti ọjọ́ Ajé làwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò ti lọ́rọ̀ míì lẹ́nu, Eurovision lọ́tùn-ún, Eurovision lósì. Èmi rò pé bọ́ọ̀lù ni. Àfìgbà tí wọ́n ní rárá, orin ni, pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń rán akọrin tiẹ̀ wá, pé ìlú Basel ní Switzerland ni wọ́n ti ń ṣe tọdún 2025 yìí, alẹ́ ọ̀la sì ni àṣekágbá.

Láàárọ̀ òní wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 26 tó kù sórí bébà wẹ́wẹ́, wọ́n ká a, wọ́n dà á sínú fìlà, bébà kan pọ́n-ùn méjì, ẹlòmíì mú mẹ́ta. Ẹni tí orílẹ̀-èdè ẹ̀ bá ṣe ipò kìíní ló ni gbogbo owó, pọ́n-ùn 52. Èmi mú ẹyọ kan péré, mo tú u, Austríà ni. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó dáa àbí kò dáa.

Nígbà tó dọwọ́ ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kan tó mú Swídìn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ kọ́ọ̀bù, ó ní ṣé mi ò ní jẹ́ ká pààrọ̀. Ó ní orin Austríà lòun fẹ́ràn, pé gbogbo ayé ló kúkú mọ̀ pé Swídìn ló máa gbà á, àǹfààní tèmi ni. Mo ní kó fún mi dọ̀la. Ẹ̀yin ará, ẹni tí adìyẹ ẹ̀ sanra tó ń bẹ̀ mí pé kí n gbà á kóun gba tèmi tó rù, ṣé kò sí nǹkan tó fara sin níbẹ̀ báyìí?

Ìkejì ẹ̀, wọ́n ní kí kálukú gbé oúnjẹ orílẹ̀-èdè tó mú wá, torí inú pálọ̀ ńlá làwa àtàwọn màmá àti bàbá tá à ń tọ́jú ti máa wò ó. Kí ni wọ́n ń jẹ ní Austríà? Mi ò lówó rẹpẹtẹ o.

Tósìn_Bódìjà (7:02 alẹ́)

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti bá ẹni tẹ́ ẹ ń wá pàdé. Ìbàdàn ni mo wà, YouTube ni mo ti ń wò ó láti 2021, ọdún tí àwọn ọmọ onírọ́ọ̀kì Ítálì yẹn, Måneskin, gbà á ní Rotterdam. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé orí mi kì í pé tó bá ti di oṣù Karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n yára là á yé yín kí iná tó lọ.

1956 ló bẹ̀rẹ̀, Switzerland náà ni, ìlú kan tó ń jẹ́ Lugano, orílẹ̀-èdè méje péré. Tọdún yìí, 37 ló wá. Sẹ́mì méjì ló máa ń wà ṣáájú àṣekágbá, Tuesday àti Thursday, mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń ti ibẹ̀ bọ́ sí àṣekágbá. Lọ́dún 2025 yìí, àwọn márùn-ún kan wà tí wọn ò ṣe sẹ́mì, Ìlú Ọba, Fránsì, Jámánì, Ítálì àti Spéìn, torí àwọn ló ń dáwó jù, ẹni tó bá ń gbàlejò náà kì í ṣe é. Ẹ ṣírò ẹ̀, ogún pẹ̀lú mẹ́fà, òun ló di 26 tí wọ́n dà sínú fìlà yín yẹn.

Orin ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, èèyàn ò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lórí ìtàgé, ẹran ò gbọdọ̀ gòkè. Ohùn ẹni tó ń lé orin gbọ́dọ̀ jẹ́ tojú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá àti ìlù tẹ́ ẹ bá rí lọ́wọ́ wọn, ẹ̀tàn ni o, wọ́n ti gba ìyẹn sílẹ̀ nílé, wọ́n kàn gbé e dání fún ẹ̀ṣọ́ ni. Láti 1999 ni wọn ò ti lo àwọn tó ń fọn fèrè tí wọ́n ń ta gòjé níwájú ìtàgé mọ́, ọdún yẹn náà ni wọ́n ní kí kálukú máa kọ ọ́ lédè tó bá wù ú.

Ìbò ẹ̀ wá ni orí ẹ máa dàrú sí. Lọ́dún 2025 yìí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní adájọ́ márùn-ún tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ orin, wọ́n á mú mẹ́wàá tó wù wọ́n, tàkọ́kọ́ gba pọ́ìntì 12, ìkejì gba 10, lẹ́yìn náà 8, 7, 6 títí dórí 1. Aráàlú tó ń fi fóònù dìbò nílé náà á tún fún tiwọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdajì ìdajì. Kò sẹ́ni tó lè dìbò fún ìlú tiẹ̀.

Lórí pààrọ̀: ẹ pààrọ̀ ẹ̀ KÍÁKÍÁ kí nọ́ọ̀sì yẹn tó yí èrò padà!!! Swídìn ni gbogbo àwọn oníbẹ́ẹ̀tì gbé sókè. KAJ lorúkọ wọn, ọkùnrin mẹ́ta, ọmọ Finland tiẹ̀ ni wọ́n, lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Swídìn. Ilé ooru tí wọ́n ń wọ̀ lọ láàgùn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kọrin ẹ̀. Ìyá mi tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ń pariwo “bastu, bastu” kiri kíṣìnnì láti àná.

Alàgbà_Peckham (7:40 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Má pààrọ̀.

Láti 1997 ni mo ti ń wò ó ní Peckham níbí, ọdún tí Katrina and the Waves gbà á fún Ìlú Ọba, a ò sì tíì gbà á mọ́ títí dòní, Sam Ryder ló sún mọ́ ọn jù lọ́dún 2022, ó ṣe ipò kejì. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ariwo ọjà ọ̀tọ̀, owó tó wọ àpò ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Liverpool lọ́dún 2023, ọmọ Finland kan wà tó ń jẹ́ Käärijä, ẹ̀wù aláwọ̀ ewéko kan báyìí ló wọ̀, ọwọ́ ẹ̀ wú bí ìgbà téèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí i, gbogbo ilé ń pariwo ẹ̀, aráàlú fún un ní 376. Loreen tó kọrin fún Swídìn, 243 ni aráàlú fún un. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ti fún Loreen ní 340, wọ́n fún Käärijä ní 150. Ẹ rò ó pọ̀. 583 sí 526, Loreen gbé e lọ. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

JJ ọmọ Austríà yìí, ohùn niṣẹ́ ẹ̀. Ó ti kọrin ní ilé opera ńlá tó wà ní Vienna. Ọkùnrin ni o, ṣùgbọ́n ó ń gbé ohùn lọ síbi táwọn sópránò tó wà nínú kúáyà wa ò lè dé láìfọwọ́ di etí. Dúdú àti funfun ni gbogbo àwòrán ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan nínú ìjì, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ó wá di ijó techno mọ́ ọ lójú. Àwọn adájọ́ máa jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Má pààrọ̀.

Kúnlé_Tíkẹ́ẹ̀tì (7:58 alẹ́)

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹ fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláìrówó. Oníbẹ́ẹ̀tì kì í fi owó ẹ̀ ṣeré. 2021 wọ́n ní Ítálì, Ítálì gbà á. 2022 wọ́n ní Úkréìn, Úkréìn gbà á, 439 ni aráàlú nìkan fún wọn, kò sí irú ẹ̀ rí. 2023 wọ́n ní Swídìn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka nọ́ńbà ẹ̀ tán yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi owó àpò ara wọn sọ pé Swídìn ni, ẹ wá ní kó di Austríà mú nítorí ohùn. Àbẹ̀kẹ́, pààrọ̀ ẹ̀.

Alàgbà_Peckham (8:06 alẹ́)

Kúnlé, 2024 ńkọ́? O fò ó dá. Króáṣíà ni wọ́n ń pariwo, Nemo ọmọ Switzerland gbé e lọ, torí àwọn adájọ́. Kí ló gbé wa dé Basel lọ́dún yìí?

Kúnlé_Tíkẹ́ẹ̀tì (8:07 alẹ́)

😂 Bàbá ti mú mi.

Ìyá_Ìbejì_Houston (8:30 alẹ́ tiyín)

Ẹ jẹ́ kí n bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ débẹ̀ torí mo rí i pé bẹ́ẹ̀tì lẹ gbájú mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n, ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n yí nínú ẹyin àti búrẹ́dì gbígbẹ kí wọ́n tó dín in, òun ni wọ́n fi ń mọ àwọn ará Vienna, ṣùgbọ́n ẹran wọ́n, wàhálà ẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ohun tó wà ni pé wọ́n tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Krapfen. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé PỌ́FÙ-PỌ́FÙ ni? Ó kàn tóbi díẹ̀, wọ́n wá fi jáàmù épíríkọ́ọ̀tì sínú ẹ̀, wọ́n gbọn súgà lẹ́búlẹ́bú sórí ẹ̀. Dín pọ́fù-pọ́fù tìẹ bó o ṣe ń dín in nílé, fi ọ̀bẹ lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, rọ jáàmù díẹ̀ síbẹ̀. Fílááwà, yíìsì, súgà, òróró, gbogbo ẹ̀ ò tó pọ́n-ùn mẹ́fà. Má ki nọ́tímẹ́ẹ̀gì púpọ̀ torí àwọn arúgbó. Má sì rọ jáàmù nígbà tó ṣì gbóná, á ṣàn jáde sí ẹ lọ́wọ́, ohun tójú mi ti rí ni mò ń sọ.

Agogo méjì ọ̀sán ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Houston, orí Peacock, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, la ti ń wò ó. Àwọn ìbejì mi ti ya ìwé tí wọ́n máa fi fún wọn ní máàkì, ẹnì kan ń máàkì aṣọ, ìkejì ń máàkì orin.

Ọmọ_Akọ́rọ̀ (8:44 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn wa sha. Fújì ti tán nílẹ̀ lẹ fi ń pa ara yín nítorí orin òyìnbó tó wọ táwẹ̀lì.

Alàgbà_Peckham (8:59 alẹ́)

Ọmọ Akọ́rọ̀, o ṣeun, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́. Níbo ni fújì ti jáde? Ṣé kì í ṣe inú wéré ni? Mushin ni mo dàgbà sí. Nígbà ààwẹ̀, ẹgbẹ́ wéré àdúgbò yìí á kọjú sí tàdúgbò yẹn, wọ́n á fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ, àwọn àgbà á jókòó bí adájọ́, àwọn èrò ìsàlẹ̀ á máa pariwo ẹni tiwọn. Inú ẹ̀ ni Àyìndé Bàrístà ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹni táwọn èrò fẹ́ ò bá gbà á, ìjà ni. Ohun kan náà ni mo rí ní Eurovision, iná wọn ló kàn pọ̀ ju tiwa lọ.

Rónkẹ́_Òṣogbo (9:15 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ṣé àwa tá a wà nílé lè dìbò? Mo gbọ́ pé ó ti ṣeé ṣe. Àti pé ṣé àwọn dúdú tiẹ̀ máa ń wà níbẹ̀?

Tósìn_Bódìjà (9:31 alẹ́)

Ó ṣeé ṣe dáadáa, láti 2023. Gbogbo àwa tí orílẹ̀-èdè wa ò sí níbẹ̀, Nàìjíríà, Amẹ́ríkà, Brasil, gbogbo wa lápapọ̀ ni wọ́n kà bí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, a ní 12 tiwa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, esc.vote, ìbò kan bíi yúrò kan, lọ́dún 2025 yìí o lè dì í tó ogún ìgbà tówó bá wà. Wọ́n máa ń ṣí tiwa ṣáájú káwọn akọrin tó gòkè, torí náà má dúró di àárín òru.

Àmọ́ káàdì ni wàhálà. Káàdì lẹ fi ń sanwó, orílẹ̀-èdè tó ti jáde ni wọ́n fi ń mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń dìbò. Lọ́dún tó kọjá káàdì náírà mi kọ̀ nígbà mẹ́rin, báńkì mi (mi ò ní dárúkọ wọn) fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ pé wọ́n ti dí i “fún ààbò mi”, ìgbà tí mo fi rí ẹni tó gbé fóònù wọn, wọ́n ti ń fún Nemo ní ife-ẹ̀yẹ. Ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí ni pé mo ti pe báńkì láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo ní kí wọ́n ṣí i fún ríra ọjà lókè òkun, mo kọ́kọ́ fi ra nǹkan kékeré wò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Dátà náà, wákàtí mẹ́rin ni show yẹn, tẹ́ ẹ bá wò ó lójú tó mọ́ gaara ó máa jẹ gíìgì yín bí eéṣú, ẹ sọ fídíò kalẹ̀ sí 480, ohùn ò ní yí padà. Agogo mẹ́jọ alẹ́ wa gẹ́lẹ́ ni, aago tiwa àti ti Ìlú Ọba kan náà ni lásìkò yìí.

Dúpẹ́_Rotterdam (9:50 alẹ́)

Ìbéèrè dúdú yẹn, ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn ẹ̀ torí ọkàn mi wà níbẹ̀. Dúdú àkọ́kọ́ tó kọrin níbẹ̀, àwọn ará ibí, Netherlands, ló rán an, Milly Scott, 1966. Dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ni Dave Benton, ọmọ erékùṣù Aruba, Estóníà ló kọ ọ́ fún lọ́dún 2001, òun àti ọmọ Estóníà kan. Ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, Mòrókò nìkan ló gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, 1980, Samira Bensaïd. Pọ́ìntì méje ló gbà, Ítálì nìkan ló fún un ní méjèèje, wọ́n bá ṣe ipò 18 nínú 19. Wọn ò padà wá mọ́. Èmi náà ò ní padà wá.

Stella Mwangi tí wọ́n bí ní Kẹ́ńyà kọ ọ́ fún Norway lọ́dún 2011, ó ki Swahili bọ̀ ọ́, kò kọjá sẹ́mì. Destiny Chukunyere tó kọ ọ́ fún Malta lọ́dún 2021, bàbá ẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ni, agbábọ́ọ̀lù, ọmọdébìnrin yẹn ti gba tàwọn ọmọdé kó tó dàgbà kọ tàwọn àgbà. (Malta kan náà ni Mẹ́lítà inú Bíbélì o, níbi tí ejò ti bu Pọ́ọ̀lù jẹ tí kò kú.) Lọ́dún yìí, ẹni tí àwọn ará ibí rán lọ ni Claude, Kóńgò ni wọ́n ti bí i. Ẹ máa wo ìparí orin ẹ̀, níbi tó ti wo dígí tó rí ọmọ kékeré. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́kún jù ni ti Fránsì ní 2018. Orin nípa ọmọ jòjòló kan tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń yọ àwọn èèyàn nínú òkun Mẹditaréníà, Mercy lorúkọ ọmọ náà, orúkọ yẹn náà ni orin ń jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, oṣù Kẹta 2017. Ipò 13 ni wọ́n ṣe. Mo bá màmá mi wò ó lórí fóònù, a ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Ọmọ_Akọ́rọ̀ (10:12 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n lé Rọ́ṣíà lọ́dún 2022 tí wọn ò lé

Alákòóso (10:15 alẹ́)

Ọmọ Akọ́rọ̀, mo gé e kù níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àwọn èèyàn ń wọ́de nítorí ẹ̀ ní Basel gan-an, a sì ní abala tá a ti ń sọ ọ́. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ la wà lórí ẹ̀ níbí.

Àbẹ̀kẹ́_Manchester (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣé o gbogbo yín, ẹ̀yin Bàbá, ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ yín. Pọ́fù-pọ́fù àádọ́rin lórí òróró, mo fi ọ̀bẹ lu ẹ̀gbẹ́ wọn, ó gbà. Mo jó ọwọ́ díẹ̀ torí mi ò dúró kó tutù bẹ́ ẹ ṣe wí.

Ẹ má bínú sí mi o. Nígbà tí mò ń dín in lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn fi mẹ́sééjì ránṣẹ́, ó ní ṣé mo ti rò ó, pé ẹlòmíì tó mú Estóníà ti ń bẹ òun. Mo gbọ́ Swídìn lẹ́nu Tósìn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Kúnlé, mo gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀. Òróró ń ta sí mi lápá. Mo tẹ “yes”.

Alàgbà_Peckham (3:26 ọ̀sán)

Hmm.

Tósìn_Bódìjà (3:27 ọ̀sán)

ÀǸTÍ MI!!! Ẹ ti lówó!

Ìyá_Ìbejì_Houston (3:41 ọ̀sán tiyín)

Ẹ wá gbé pọ́fù-pọ́fù Austríà lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń dúró fún Swídìn. Ó dáa náà, ẹ sọ fún wọn pé àwọn ará Swídìn náà ń jẹ búrẹ́dì dídùn.

Tósìn_Bódìjà (10:38 alẹ́)

Iná ò tíì lọ. Mo ti dìbò mẹ́ta, káàdì gbà. Estóníà lẹ́ẹ̀mejì, torí ọmọ tó ń kọrin kọfí yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bíi rọ́bà.

Kúnlé_Tíkẹ́ẹ̀tì (11:24 alẹ́)

Adájọ́ ti parí. Austríà 258. Switzerland 214. Swídìn 126. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Dúpẹ́_Rotterdam (11:27 alẹ́)

Ẹ ní sùúrù, aráàlú ló kù. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka tiwọn lọ sókè, ẹni tí adájọ́ gbé síwájú ni wọ́n máa kà kẹ́yìn.

Tósìn_Bódìjà (11:36 alẹ́)

Ìlú Ọba, ÒDO lọ́wọ́ aráàlú!!! Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn kọrin dáadáa o, adájọ́ fún wọn ní 88, aráàlú ò fún wọn ní nǹkan kan.

Kúnlé_Tíkẹ́ẹ̀tì (11:39 alẹ́)

Ísírẹ́lì gba 297 lọ́wọ́ aráàlú, ó di 357. Estóníà gba 258, ó di 356. PỌ́ÌNTÌ KAN PÉRÉ. Swídìn 195... ó di 321. Àbẹ̀kẹ́, fún Swídìn, ó parí.

Dúpẹ́_Rotterdam (11:43 alẹ́)

Switzerland tó gbàlejò, adájọ́ 214, aráàlú òdo. Ojú ọmọbìnrin yẹn! Ó ku Austríà. Ọgọ́rùn-ún ló nílò.

Tósìn_Bódìjà (11:45 alẹ́)

178. 436 lápapọ̀. Iná lọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀, orí fóònù ni mo ti ń kọ èyí.

Alàgbà_Peckham (11:47 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ dà?

Àbẹ̀kẹ́_Manchester (Ọjọ́ Àìkú, 1:10 ọ̀sán)

Mo wà láyé o. Mo sùn títí di agogo mọ́kànlá.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. A tò wọ́n sí pálọ̀, àwọn tó fẹ́ sùn la gbé lọ, méjìlá ló kù. Nígbà tí JJ gbé ohùn yẹn dé òkè pátápátá, ẹ̀rọ tí bàbá kan kì sétí bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, fíííííì, gbogbo wa wò ó pé inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń wá. Màmá kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lálẹ́, dìde jókòó dáadáa nígbà tí wọ́n ní Austríà. Ó ní Vienna ni Sandie Shaw ti gbà á fún Ìlú Ọba lọ́dún 1967, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà á rí, pé láìwọ bàtà ló ṣe dúró lórí ìtàgé. Ó wá fa ẹsẹ̀ tiẹ̀ yọ nínú sílípáàsì, ó gbé e sókè hàn mí, ó ní “báyìí.” Èékánná ẹ̀ tí mo kùn fún un lọ́jọ́ Tuesday ló ń dán yìnrìn.

Nígbà tí wọ́n ka 178 yẹn, nọ́ọ̀sì náà fò, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, ẹkún wa ò jọra. Pọ́n-ùn 52. Ó mú pọ́n-ùn márùn-ún nínú ẹ̀ tì mí lápò, mo dá a padà, ó tún tì í, mo wá gbà á. Mo bi í léèrè, mo ní kí ló dé tó fi fẹ́ pààrọ̀ gan-an. Ó ní òun ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, orin yẹn lòun fẹ́ràn. Nǹkan kan ò fara sin níbẹ̀ o.

Kúnlé_Tíkẹ́ẹ̀tì (1:18 ọ̀sán)

Àbẹ̀kẹ́, má bínú, kì í ṣe ìwọ nìkan ló pàdánù, èmi náà jẹ gbèsè. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ya.

Tósìn_Bódìjà (1:22 ọ̀sán)

Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ti rí i pé àwọn ará Spéìn ti ń bínú, wọ́n ní kí wọ́n yẹ ìbò aráàlú wò. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní dá pọ́n-ùn 52 padà.

Alàgbà_Peckham (1:40 ọ̀sán)

Mi ò ní sọ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá mi ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ẹtì, 7:40 alẹ́, gbólóhùn kejì àti gbólóhùn tó gbẹ̀yìn.

Àbẹ̀kẹ́_Manchester (1:52 ọ̀sán)

Bàbá 😂😂 mo ti kà á, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín tòun ti bí mo ṣe jẹ́ obìnrin.

Ìyá Ìbejì, àádọ́rin pọ́fù-pọ́fù yẹn, ẹyọ kan ò kù. Màmá Sandie Shaw jẹ márùn-ún, jáàmù kún gbogbo igbá àyà aṣọ ẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ti pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní kí n tún un ṣe lọ́jọ́ Thursday fún ọjọ́ ìbí bàbá kan, ilé iṣẹ́ á sanwó ohun èlò, ṣùgbọ́n ó ní kí ti ọ̀tẹ̀ yìí jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀bù fílááwà mélòó ni mo máa pò, yíìsì ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Houston (2:05 ọ̀sán tiyín)

Kọ́ọ̀bù mẹ́wàá, páálí yíìsì mẹ́ta, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, má jẹ́ kó gbóná. Kó o tó rọ jáàmù, jẹ́ kó TUTÙ.